Afẹ́fẹ́ Kì í Dédé Wọ Bíréèkì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn awakọ̀ píkọ́ọ̀pù, àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì sọ ní Epe nìyí. Mo tún un kọ díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí aṣọ yín ṣì ń rùn fún ọ́ìlì, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bíréèkì tó ń rọ̀ lẹ́sẹ̀. Mo rí àwọn ìyá ẹlẹ́ja wa lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ padà sí Ọjà Olúwo kí yìnyín wọn tó yọ́ tán. Nítorí náà, mi ò ní fi oríkì Epe bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ mi.

Sírínjì méjì nìyí, irú èyí tí wọ́n fi ń fún ọmọ lóògùn olómi. Mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹnu wọn pọ̀, mo sì rọ omi kún inú wọn. Bí mo ti ń tẹ ti ọwọ́ ọ̀tún, ti ọwọ́ òsì ń jáde. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn, kò sì sí ìdádúró. Ní báyìí, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ inú rọ́bà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ rí i pé kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ti ọwọ́ òsì ò tètè mira, ti ọwọ́ ọ̀tún sì ń rọ̀ mí lọ́wọ́ bí mọ́ínmọ́ín tí kò tíì jinná. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Blaise Pascal, tó kú ní 1662, ló ṣàlàyé rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́: ibi yòówù kéèyàn ti tẹ omi tó wà nínú ohun tí a dé pa, agbára yẹn á dé gbogbo ara omi náà bákan náà. Omi kì í gbà kéèyàn fún òun pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù bíréèkì, òun lẹ ó kọ́kọ́ fún pọ̀, kí agbára ẹsẹ̀ yín tó kan páàdì tó ń mú táyà dúró rárá.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn nínú wa. Awakọ̀ á wọlé: “Ọ̀gá, bíréèkì mi ń rọ̀ o.” Ọ̀gá ò ní gbójú sókè: “Afẹ́fẹ́ ni, ẹ bá wọn bílíìdì ẹ̀.” Ọmọ iṣẹ́ kan á wọ inú ọkọ̀, á máa pọ́ǹpù, èkejì á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, á máa ṣí nípù, ìyẹn ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ń gbà jáde. Afẹ́fẹ́ á jáde, bíréèkì á le, awakọ̀ á sanwó. Tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ yẹn ti padà dé. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá síbí lónìí: afẹ́fẹ́ kì í dédé wọ bíréèkì. Ibì kan ló gbà wọlé. Tí a ò bá wá ibẹ̀ rí, ńṣe là ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi tí ìdí rẹ̀ lu.

Èmi náà ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò tíì pẹ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ kékeré kan tí mo fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù, orí mi sì gbóná. Wọ́n gbé Hilux kan wá. Mẹkáníìkì mìíràn ti tú kálípà iwájú méjèèjì, ìyẹn irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì táyà, ó tún un ṣe, ó dè é padà, bíréèkì wá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Mo bílíìdì ẹ̀. Ó rọ̀. Mo tún bílíìdì ẹ̀. Ìgò bíréèkì ọ́ìlì mẹ́ta ló tán lọ́wọ́ mi. Mo pààrọ̀ mọ́sítà, ìyẹn pọ́ǹpù tí ẹsẹ̀ ń tì láti fi rán ọ́ìlì lọ sí táyà, owó ọlọ́kọ̀ ni mo sì fi rà á, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Síbẹ̀ náà ni. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ wa yà kí mi, ó jókòó sórí táyà, ó wo kálípà náà títí, ó wá bi mí pé, “Ìwọ, bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú omi, òkè ló ń lọ àbí ìsàlẹ̀?” Mo ní òkè ni. Ó ní, “Nípù tó ò ń ṣí yẹn ńkọ́, ibo ló kọjú sí?” Ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó tú kálípà ti gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún. Gbogbo bó ṣe wù kí n pọ́ǹpù tó, ọ́ìlì nìkan ló ń jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ jókòó sókè ó ń wò mí. Mo pààrọ̀ wọn fún ara wọn. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí bíréèkì fi le bí igi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan súpánà kí n tó fi ojú wo nípù. Òkè pátápátá ló gbọ́dọ̀ wà.

Ká tó wá ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ gan-an ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà kí agbára tó wà nínú búsítà, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, tán, torí búsítà máa ń bo àṣírí. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Tó bá ń rọ̀, tó sì ń ta padà bíi fóòmù, tó tún ń ga sí i bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó le, àmọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń le, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kíákíá ó ga, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan afẹ́fẹ́ o, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn. Tó bá le dáadáa nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, tó wá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, mọ́sítà ni, tàbí kẹ́ ẹ wá ibi tó ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ṣáná sí ọkọ̀ tí bíréèkì rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kò sí nǹkan tó ṣe é. Búsítà ló jí yẹn. Mo ti rí ẹni tó sanwó mọ́sítà tuntun torí ìyẹn nìkan.

Èyí tí mo ní mò ń bọ̀ lórí rẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí à ń lò níbí, dísìkì, irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún mọ́, ló wà níwájú, dúróòmù, irin tó dà bí ìkòkò, wà lẹ́yìn, ṣúù sì wà nínú rẹ̀ tó ń tì í mú láti inú. Bí ṣúù bá ti ń jẹ, ó ń jìnnà sí dúróòmù, ọ́ìlì tó máa tì í jáde á sì máa pọ̀ sí i. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi nǹkan kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń fúnra rẹ̀ sún ṣúù síta, ṣùgbọ́n iyanrìn àti ìpẹtà máa ń dì í pa. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fa bíréèkì ọwọ́ sókè díẹ̀, kó dún bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wá tẹ tẹsẹ̀. Tó bá ti ga lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣí nípù kankan. Ẹ jáàkì ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ fi òkúta dènà táyà iwájú, ẹ yọ rọ́bà kékeré tó bo ihò ẹ̀yìn dúróòmù, ẹ fi sùkúrù díráfà yí kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà nínú rẹ̀ títí dúróòmù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, kẹ́ ẹ wá dá a padà díẹ̀ kí táyà lè máa yí fàlàlà. Iṣẹ́ yìí ò ná ọlọ́kọ̀ ju owó iṣẹ́ lọ, bóyá ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ibo ló gbà wọlé? Ẹ kọ́kọ́ wo ike tí ọ́ìlì bíréèkì wà nínú rẹ̀ lókè mọ́sítà. Tó bá ti gbẹ dé ìdí, ó ti fa afẹ́fẹ́ nìyẹn, ìbéèrè tó kù ni ibi tí ọ́ìlì náà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ṣí dúróòmù, kẹ́ ẹ rọra ká etí rọ́bà tó bo sílíńdà kékeré tó wà láàárín ṣúù. Tí inú rọ́bà yẹn bá rin, ọ̀daràn yín nìyẹn. Kò tíì ní kán sílẹ̀, ara táyà ò sì tíì ní tutù, ṣùgbọ́n ó ti ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí ẹ̀yìn mọ́sítà, níbi tó ti so mọ́ búsítà. Ibẹ̀ burú ju ibi gbogbo lọ, torí inú búsítà ni ọ́ìlì ń ṣàn lọ, ilẹ̀ á gbẹ, àwa á máa wá a kiri lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di mọ́sítà mú, ẹ fà á síwájú díẹ̀ láìtú páìpù, ẹ ó rí i.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti àwa ará Epe ní pàtàkì. Píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹja, omi yìnyín máa ń jò látinú kúlà, ó ń gba àwọn ihò ìdí ọkọ̀ kán sísàlẹ̀. Orí páìpù irin tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí bíréèkì ẹ̀yìn ni omi ẹja yẹn ń kán sí lójoojúmọ́. Ìpẹtà á jẹ ẹ́ lábẹ́ ẹrẹ̀, níbi tójú ò tó. Ẹ máa fi omi tó mọ́ ṣan abẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà nu páìpù yẹn nígbà mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà pẹ̀lú wáyà dí páìpù bíréèkì tó lu. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti rí i.

Kì í ṣe gbogbo bíréèkì tó rọ̀ ló ní afẹ́fẹ́ nínú o. Hóòsì rọ́bà tó wà nítòsí táyà, tó bá ti gbó, ńṣe ló ń wú bí balúùnù nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ di hóòsì mú. Tó bá wú lọ́wọ́, tàbí tí ara rẹ̀ ti sán, ẹ pa á tì. Ẹ má sì ra hóòsì tókùnbọ̀, ẹ̀mí yín kì í ṣe tókùnbọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Orúkọ tá a sọ ọ́ ló ń tàn wá. Bíréèkì ọ́ìlì là ń pè é, àmọ́ kì í ṣe òróró. Ẹ kán an sínú omi, á pòpọ̀ mọ́ omi, òróró á sì léfòó. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glycol ni wọ́n fi ṣe èyí tí à ń lò, ìfẹ́ tó wà láàárín òun àti omi kò kéré. Ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra bí iyọ̀ tí a ò dé lóṣù Agẹmọ. DOT ni orúkọ tí wọ́n fi ń pín irú ọ́ìlì bíréèkì. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, tí omi ò tíì wọ̀, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 ní ìwọ̀n Celsius. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó ìdá 3.7 nínú 100, ó lè hó ní 140. DOT 4 ń bẹ̀rẹ̀ láti 230, tí omi bá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó wá sí 155. Ẹ wá ro ọkọ̀ tó gbé ẹja kúrò ní Epe níìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un láti Ṣángótẹ́dó dé Ajah, tó ń tẹ bíréèkì, tó ń jù ú sílẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́. Páàdì gbóná, kálípà gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ hó. Ooru omi tó hó yẹn náà, afẹ́fẹ́ ni, bí ẹsẹ̀ ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ló ṣe ń fún òun náà. Mo ti ní afẹ́fẹ́ kì í dédé wọlé. Ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ mi ṣe: èyí ò wọlé rárá, inú ilé ni wọ́n bí i sí. Tí bíréèkì yín bá le láàárọ̀, tó rọ̀ lọ́sàn-án nínú súnkẹrẹ, tó tún le nígbà tí ọkọ̀ bá tutù, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ́ìlì yẹn ti darúgbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá lọ́dún méjì-méjì. Ìgò tẹ́ ẹ ṣí lọ́dún tó kọjá, tó wà lábẹ́ ìjókòó, ẹ dà á nù.

Torí orúkọ “ọ́ìlì” yìí náà ni àwọn kan ṣe ń da ọ́ìlì pawa sitẹ́ríìnì sí i nígbà tí wọn ò bá rí òmíràn. Awakọ̀ kan ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ó délé láyọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo rọ́bà inú mọ́sítà àti ti kálípà ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, bíréèkì gan mọ́ táyà. Gbogbo ohun tó ní rọ́bà la pààrọ̀, tó fi mọ́ hóòsì, a sì fọ páìpù. DOT 3 àti DOT 4 lè dàpọ̀ bí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn. DOT 5 ní tirẹ̀, silíkóònù ni, kò bá wọn ṣe ọ̀rẹ́. Èyí tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sí orí ìdérí ike ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé.

Bí a ṣe ń bílíìdì, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Ọwọ́ òsì ni awakọ̀ wa ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ni mọ́sítà wà. Táyà tó jìnnà sí i jù lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá parí rẹ̀ sí iwájú lápá òsì, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ ti rọ́bà tó mọ́lẹ̀ kedere bọ nípù, kẹ́ ẹ ki ẹnu rẹ̀ kejì sínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nídìí ẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ rọra, á dì í mú, á sì pariwo pé “Mo mú un!” Ìgbà yẹn ni ẹ ó ṣí nípù. Ẹ ti nípù kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ lé jáde á padà wọlé níṣojú yín. Ẹ má jẹ́ kí ike òkè gbẹ láéláé. Mo máa ń yan ẹni kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ike yẹn lọ.

Tí mọ́sítà bá ti lo ọdún púpọ̀, ẹ fi pákó kékeré sábẹ́ bíréèkì kó má baà dé ilẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pọ́ǹpù. Apá ìsàlẹ̀ mọ́sítà, níbi tí rọ́bà rẹ̀ kì í dé lójoojúmọ́, ìdọ̀tí àti ìpẹtà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí rọ́bà bá gba ibẹ̀ kọjá, á ya, ẹ ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́sítà tuntun náà, orí tábìlì ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀.

Àwọn píkọ́ọ̀pù kan ní nǹkan kékeré kan lókè áàsù ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí irin gígùn so mọ́ ọn. Òun ló ń wò ó bí ẹrù ọkọ̀ ṣe wúwo tó, kó tó pinnu iye agbára bíréèkì tó máa lọ sẹ́yìn. Àwọn kan lára rẹ̀ ní nípù tiwọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti bílíìdì títí tí kò le, ẹ lọ wò ó bóyá ẹ ti gbàgbé ìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ kan béèrè lórí ọkọ̀ tó ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà gan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gan-an. Èsì mi kò gùn: tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú àpótí ABS fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ò lè lé e tán lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò ló máa pàṣẹ fún pọ́ǹpù inú rẹ̀ kó ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń bílíìdì. Tẹ́ ẹ ò bá ní in, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in. Kò bu iyì yín kù.

Awakọ̀ kan dìde, ó ní òun ti ń pọ́ǹpù bíréèkì òun láti bí ọdún kan, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ sí òun. Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ yín ń lọ ní mítà 17 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú. Ẹ to píkọ́ọ̀pù mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ibẹ̀ lẹ ó dé kí bíréèkì yín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ tó sáré já títì ní Ìtà-Òpo ò ní dúró dè yín níbẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja kan náwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, awakọ̀ mi máa ń gba owó bíréèkì ọ́ìlì lóṣooṣù. Ṣé bíréèkì ń mu ọ́ìlì ni?”

Kì í mu ún, Màmá. Inú ohun tí a dé pa ló wà, kì í jóná bíi ti ẹ́ńjìnnì. Bí páàdì bá ti ń jẹ, ó lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ nínú ike, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́pọ̀ oṣù. Tó bá jẹ́ lóṣooṣù, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: bóyá ọkọ̀ ń jò, bóyá owó ló ń jò. Ẹ fi máákà fa ìlà sára ike yẹn lónìí, kẹ́ ẹ lọ wò ó fúnra yín lẹ́yìn ọjọ́ méje. (Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà wà nínú ilé, ó sì rẹ́rìn-ín tirẹ̀ pẹ̀lú.)

Píkọ́ọ̀pù Màmá ló wà níta yẹn, abẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní súpánà 10, kó mú un dání. Kí ẹnì kan bá mi wá omi, torí tí ọ́ìlì yìí bá ta sára pẹ́ńtì ọkọ̀ wọn, ó máa bó o. Ìwọ tó béèrè ABS yẹn, ìwọ ni wàá máa ṣọ́ ike.